Bí a ṣe ń gé ọ̀pá ìfà kárafáànù kó lè ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú gárééjì

Kárafáànù, ìyẹn ilé kékeré orí táyà tí mọ́tò ń fà lẹ́yìn, lè wọ gárééjì tán kó wá ku imú nìkan níta. Ilé ti wọlé, ilẹ̀kùn ò ṣeé tì, torí ọ̀pá ìfà ṣì yọ síta bí imú ẹja abẹ́rẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe sí i ni pé wọ́n á gé ọ̀pá náà, wọ́n á fi híńjìsì sí ojú ibi tí wọ́n gé, á wá máa yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí wọ́n bá gbé e sílẹ̀. Àwọn tó ń fi tírélà gbé ọkọ̀ ojú omi ti ń ṣe é tipẹ́. Ó ṣeé ṣe, ó sì ń dára. Ṣùgbọ́n irin yìí kan náà ni gbogbo ilé náà fi ń tẹ̀ lé mọ́tò lójú títì, nítorí náà ibi tí ẹ ó ti gé e ló le jù nínú iṣẹ́ yìí. Gígé gan-an ò tó wákàtí kan.

Kí ayùn tó jáde, ẹ tún gárééjì wọ̀n. Ẹ wo ẹ̀yìn kárafáànù pẹ̀lú: tó bá jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́rin mítà kan lẹ ń wá, táyà àfikún tó so mọ́ ẹ̀yìn lè jẹ́ gbogbo rẹ̀. Kí ẹ tú u, kí ẹ gbé e sábẹ́ ọkọ̀, ó tán. Tó bá sì jẹ́ àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ nílò, ẹ máa ka èyí lọ.

Irú ọ̀pá ìfà tó gba híńjìsì, àti irú tí kò gbà á

Irú méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan jẹ́ páìpù onígun mẹ́rin kan ṣoṣo tó jáde tààrà láti abẹ́ ilé, tó lọ parí sí ẹnu tó ń gbá bọ́ọ̀lù mú, ìyẹn bọ́ọ̀lù irin tó wà lẹ́yìn mọ́tò. Èkejì jẹ́ irin méjì tó ti igun ọ̀tún àti ti òsì wá pàdé níwájú bíi lẹ́tà A. Híńjìsì tí wọ́n ń tà lọ́jà, páìpù kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún. Ẹsẹ̀ A méjì tó dagun ò lè yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ pa pọ̀, wọ́n máa fa ara wọn ni. Òkè nìkan ni wọ́n lè ká sí, orí ibẹ̀ sì ni sílíńdà gáàsì àti bátìrì máa ń jókòó. Fún ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó mọ́gbọ́n dání jù ni ẹnu tó ṣeé yọ: páìpù 2 ínṣì tó ń wọ inú páìpù 2½ ínṣì bí idà ṣe ń wọ àkọ̀, kí píìnì ⅝ ínṣì dè é. Iṣẹ́ tó gba àgbékalẹ̀ tuntun nìyẹn, ọwọ́ ẹni tó mọ ìṣirò ẹrù lára irin ló yẹ kó wà. Mi ò ní bá a lọ síwájú níbí.

Irú ọkọ̀ mìíràn wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gé rárá. Bí kárafáànù yín bá ní bíréèkì tó ń mú fúnra rẹ̀ nígbà tí mọ́tò bá dínrìn, tó sì jẹ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbé agbára náà láti ẹnu lọ sí táyà, ọ̀pá yẹn gba ojú ibi tí ẹ fẹ́ gé kọjá. Kò sí bó ṣe lè ká. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń lo òfin UN R55, ìyẹn òfin àgbáyé lórí ohun tó ń so ọkọ̀ pọ̀, ọ̀pá ìfà máa ń ní nọ́ńbà ìfọwọ́sí lára, ayùn tó bá kàn án lè sọ ìfọwọ́sí náà di asán. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò kí ẹ tó gé e, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tó ń lo irin sípíríǹgì méjì tó ń pín ẹrù ọ̀pá ìfà sí táyà mọ́tò níwájú, kó fi híńjìsì sílẹ̀. Irin wọ̀nyẹn ń fi agbára tẹ ọ̀pá náà bí ẹni fẹ́ ṣẹ́ igi lórí orúnkún, àárín ibi tí wọ́n ń tẹ̀ gan-an ni híńjìsì máa bọ́ sí.

Ibi tí ẹ ó ti gé e

Ẹ jẹ́ ká fi kárafáànù kìló 1,400 ṣe àpẹẹrẹ. Ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ọkọ̀ ló yẹ kó máa tẹ bọ́ọ̀lù, ìyẹn kìló 140 sí 210. Ká mú 180. Bọ́ọ̀lù ń ti kìló 180 yẹn sókè, àáké táyà, ìyẹn irin tó so táyà méjèèjì pọ̀, sì ń gbé ilé náà sókè lẹ́yìn, nítorí náà ọ̀pá ìfà fẹ́ máa tẹ̀ bí ọrun: òkè rẹ̀ ń fún pọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń fẹ́ ya.

Bí ẹ bá gé e ní 50 sẹ̀ǹtímítà sí bọ́ọ̀lù, agbára tó ń tẹ ojú ibẹ̀ jẹ́ 180 lọ́nà 0.5, ìyẹn 90 kìló-mítà (kìló lọ́nà mítà, kì í ṣe kìlómítà). Bí ẹ bá gé e ní 90 sẹ̀ǹtímítà, ó di 162. Irin kan náà, ẹrù kan náà, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ wá wo etí híńjìsì: bí etí òkè àti ti ìsàlẹ̀ bá fi 10 sẹ̀ǹtímítà jìnnà síra, etí ìsàlẹ̀ àti píìnì tó wà nínú rẹ̀ ń gba fífà tó tó kìló 900 nígbà tí ẹ gé e ní 50, àti 1,620 nígbà tí ẹ gé e ní 90. Ọkọ̀ ò tíì kúrò lójú kan o. Kòtò kan ṣoṣo lójú títì lè sọ ọ́ di ìlọ́po.

Bí ẹ ṣe ń gé e sẹ́yìn tó ni àyè tí ẹ ń jèrè ń pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ìnira tí híńjìsì ń rí. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ wọn iye tí ẹ nílò gan-an, kí ẹ fi 10 sẹ̀ǹtímítà kún un fún ìbú páìpù àti ara híńjìsì tó máa ṣẹ́ kù níwájú lẹ́yìn tí ẹ bá ká a, kí ẹ gé e níbẹ̀, kí ẹ má ṣe lọ sẹ́yìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó nílò 45, kó gé e ní 55.

Ohun mẹ́ta ló tún máa sọ bóyá ibẹ̀ dára. Àkọ́kọ́, páìpù gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní ní nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà sí iwájú àti sí ẹ̀yìn ojú ibi tí ẹ gé, kí ara híńjìsì lè rí ibi di mú: kò gbọdọ̀ sí ojú ìjórin, ihò tàbí irin ìdábùú. Èkejì, jáàkì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí jáàkì bá wà níwájú híńjìsì, bí ẹ bá ṣe ń ká ọ̀pá náà ni ẹsẹ̀ tó gbé ilé dúró á máa bá a lọ. Ẹ máa ní láti tú u, kí ẹ gbé e lọ sẹ́yìn. Ẹ̀kẹta, ẹ fi pákó tó gùn tó apá tí ẹ fẹ́ gé ṣe àwòrán yíyípo rẹ̀ lórí ilẹ̀. Tó bá yí títí ó fi dábùú ọkọ̀, ẹnu rẹ̀ á fi 55 sẹ̀ǹtímítà jìnnà sí àárín ọkọ̀. Ọkọ̀ tó fẹ̀ ní mítà méjì ní mítà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kò ní yọ jáde. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn, ìdérí sílíńdà àti páìpù omi lè wà lójú ọ̀nà rẹ̀.

Ẹ fi òòlù kan páìpù náà kiri. Páìpù tó dára máa ń dún gbangba. Tó bá dún bùù, tàbí tí òòlù fi ojú sílẹ̀ lára rẹ̀, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ láti inú, irin yẹn ò gbọdọ̀ gba híńjìsì.

Híńjìsì tí ẹ ó rà

Wọ́n ń tà á ní ìwọ̀n páìpù: 2×3, 3×3, 3×4, 3×5 ínṣì. Ohun tó ń bọ́ sọ́wọ́ yín ni awẹ́ híńjìsì méjì, píìnì méjì, bóòtù àti nọ́ọ̀tì. Píìnì kan ni ọ̀pá ń yí lórí rẹ̀. Ìkejì, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ni ẹ ń fà yọ nígbà tí ẹ bá fẹ́ ká a. Ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé wà lára rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n kárafáànù tó kún fún omi, gáàsì àti ẹrù lọ. Ẹ má fi ìwọ̀n ọkọ̀ òfìfo ṣe é.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí: ínṣì 3 jẹ́ mìlímítà 76. Bí páìpù yín bá jẹ́ 80, kò ní wọlé. Bí ó bá jẹ́ 75, ó máa wọlé, á sì máa mì, ìdànwò á wá dé láti fi wáṣà tàbí páànù há a. Ẹ má ṣe é. Ohun tí wọ́n há máa ń tú, bí híńjìsì bá sì ti lè yí díẹ̀ lórí páìpù, bóòtù á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ẹ ha ọ̀dà kúrò kí ẹ tó wọn páìpù, torí ọ̀dà mẹ́ta lórí ara wọn lè yí ìwọ̀n náà padà.

Oríṣi méjì ló wà, èyí tí ẹ ó fi bóòtù dè àti èyí tí wọ́n máa jó mọ́ irin. Èyí tó ní bóòtù ni mo fẹ́ràn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ kárafáànù. Ó gbá páìpù mọ́ra yípo, bóòtù rẹ̀ sì gba ẹ̀gbẹ́ páìpù kọjá láìgba inú rẹ̀, torí bóòtù tó bá gba àárín páìpù òfìfo kọjá máa ń fún un bí ìgò ike bí ẹ bá ṣe ń mú un le. Ẹ sì lè tú u tó bá wọ́. Èyí tí wọ́n jó, tó bá ti wọ́, ó wọ́ nìyẹn.

Gígé rẹ̀

Orí sìmẹ́ńtì tó tẹ́ ni kí ọkọ̀ wà. Ẹ fi igi há táyà níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ gbé ìdúró irin méjì sábẹ́ férémù lẹ́yìn ibi tí ẹ fẹ́ gé, kí ẹ gbé ọ̀kan sí i sábẹ́ apá iwájú. Ẹ gbé sílíńdà gáàsì kúrò pátápátá, kí ẹ tú bátìrì. Ẹ wo inú páìpù dáadáa: wáyà iná àti ti bíréèkì lè wà nínú rẹ̀, díìsìkì kì í sì í béèrè kó tó gé e. Ẹ kọ́kọ́ fà wọ́n jáde.

Ẹ fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó fa ìlà gígùn mẹ́ta sára páìpù, ọ̀kan lókè, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ìlà kọ̀ọ̀kan gba ojú ibi tí ẹ fẹ́ gé kọjá, 30 sẹ̀ǹtímítà sí iwájú àti sí ẹ̀yìn, kó lè yọ kọjá ibi tí híńjìsì máa bò. Àwọn ìlà yìí ni ẹlẹ́rìí yín. Lẹ́yìn tí ẹ bá gé e tán, àwọn nìkan ló máa sọ fún yín bóyá apá méjèèjì ti padà síbi tí wọ́n wà. Lẹ́yìn náà, ẹ wá fi síkúwéà fa ìlà ìgé yí gbogbo ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Ìparí ìlà gbọ́dọ̀ pàdé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tí wọn ò bá pàdé, ẹ nu ún kúrò, kí ẹ tún un fà.

Díìsìkì 1 mìlímítà ló dára. Èyí tó jẹ́ 115 mìlímítà ní ìbú kò lè wọ páìpù 3 ínṣì já láti ojú kan, nítorí náà ojú kọ̀ọ̀kan lẹ ó gé, kí ẹ sì máa tẹ̀ lé ìlà. Bí ìdúró tó wà níwájú bá ga jù, òkè ojú ìgé á pa dé mọ́ díìsìkì. Bó bá rẹlẹ̀ jù, ìsàlẹ̀ ni yóò pa dé. Díìsìkì tó bá há máa ń fọ́ ká, ojú èèyàn ló sì máa ń wá, torí náà ẹ wọ awò ààbò àti ìbòjú. Nígbà tí ẹ bá gé e tán, ẹ fi fáìlì pa etí rẹ̀ kó má ṣe mú mọ́, kí ẹ fi ọ̀dà oní-síńkì kun irin tó ṣí sílẹ̀ náà títí wọ inú páìpù. Omi tó bá wọ ibẹ̀ kì í tètè jáde.

Ẹ ti awẹ́ híńjìsì kọ̀ọ̀kan wọ páìpù, ẹ fi píìnì méjèèjì sí i, kí ẹ sì mú ìlà mẹ́ta yẹn bára mu. Nígbà náà ni ẹ tó mú bóòtù le, ní ìdábùú, díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwé tó bá híńjìsì wá ni ẹ ó fi mọ bí ó ṣe yẹ kó le tó. Kí ẹ kàn lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà, bóòtù M12 (mìlímítà 12 ní ìbú) oní 8.8 (nọ́ńbà agbára irin rẹ̀) máa ń gba nǹkan bí 80 Nm, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí i, M16 sì ń gba nǹkan bí 200. Ọwọ́ lásán kì í mọ ìyàtọ̀ yẹn. Nọ́ọ̀tì tó ní rọ́bà nínú ni kí ẹ lò, ẹ ò sì gbọdọ̀ tún ọ̀kan tí ẹ ti tú lò.

Ẹ wá na téèpù láti àárín ẹnu tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ sí orí àáké lọ́tùn-ún, kí ẹ tún nà án lọ sí òsì. Ìyàtọ̀ tó ju 3 mìlímítà lọ túmọ̀ sí pé ọ̀pá ìfà ti wọ́, kárafáànù yóò sì máa rìn ní ẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́ bí alákàn. Táyà ló kọ́kọ́ máa sanwó rẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé wẹ́dà ló máa jó o, kí píìnì méjèèjì wà nínú híńjìsì, kí irin gígùn kan sì di páìpù mọ́lẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án. Kó kọ́kọ́ fi ojú iná kékeré kan sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó tún wọ̀n ọ́n, kó tó wá máa jó o, níhìn-ín díẹ̀, lódì kejì díẹ̀, torí iná máa ń fa irin sí ibi tó ti kọ́kọ́ gbóná. Electrode 7018, ìyẹn ọ̀pá tí wọ́n fi ń jó irin, ló bá iṣẹ́ yìí mu, ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ. Bí páìpù bá ní síńkì lára, kí ó ha á kúrò pátápátá, torí èéfín síńkì máa ń fa ibà, ojú ìjórin á sì kún fún ihò wẹ́wẹ́.

Ṣéènì àti wáyà

Ibi tí àṣìṣe tó léwu jù wà nìyí, kò sì hàn sójú. Ṣéènì ààbò méjì tó máa ń wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀pá ìfà wà níwájú híńjìsì báyìí. Bí híńjìsì bá já, ṣéènì yẹn á mú ìdajì mítà irin tó ti já dání, ilé náà á sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ẹ tú u, kí ẹ gbé e lọ sára férémù lẹ́yìn híńjìsì, kí ẹ fi bóòtù tó lágbára tó ṣéènì náà dè é. Ó lè pọn dandan kí ẹ ra èyí tó gùn sí i. Kí wọ́n gba ìsàlẹ̀ kọjá síra wọn bíi lẹ́tà X, kí wọ́n má ṣe wọ́ nílẹ̀, kí wọ́n má sì le jù nígbà tí mọ́tò bá ń yà.

Okùn tó ń ta bíréèkì jí bí kárafáànù bá já kúrò lára mọ́tò, ọ̀nà tirẹ̀ ni kó gbà. Ẹ so ó mọ́ mọ́tò gan-an, ẹ má so ó mọ́ ṣéènì.

Ẹ̀gbẹ́ tí píìnì tí ọ̀pá ń yí lórí rẹ̀ wà ni kí wáyà gbà. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, bí híńjìsì bá ṣí, àlàfo á fẹ̀, á sì fa wáyà já. Ẹ fi ìdẹ̀ra 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀, kí ẹ fi páìpù rọ́bà bò ó. Bí bíréèkì bá jẹ́ olómi, páìpù irin tó gbé ọ́ìlì gbọ́dọ̀ di rọ́bà bíréèkì níbẹ̀, kí ẹ sì tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde lẹ́yìn iṣẹ́. Wáyà ilẹ̀ tí iná ń gbà padà ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ara irin ló fi ń padà. Híńjìsì tí wọ́n kùn, tí wọ́n sì fi gírísì pa, kì í gbé iná dáadáa. Iná ẹ̀yìn á máa ṣẹ́jú, oníríwáyà á sì máa wá ẹ̀bi nínú gílóòbù. Ẹ fa wáyà ilẹ̀ láti púlọ́ọ̀gì tààrà dé ara férémù lẹ́yìn híńjìsì.

Nígbà tó bá ti ń ṣiṣẹ́

Ẹ tún bóòtù mú le lẹ́yìn kìlómítà 80 àkọ́kọ́. Kí ẹ tó ká a, igi gbọ́dọ̀ ti há táyà, jáàkì sì gbọ́dọ̀ ti gbé ilé dúró. Bí píìnì ò bá wá, ẹ má fi òòlù lù ú: ìwọ̀n apá iwájú ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan gbé ẹnu rẹ̀ sókè díẹ̀, kí ẹ fi ìkejì fà á. Á yọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Nígbà tí ẹ bá nà án padà, tí píìnì ti wọlé, ẹ gbá ẹnu ọ̀pá náà mú kí ẹ gbé e sókè-sódò. Ìró kékeré kan kì í ṣe nǹkan. Bí ẹ bá rí i pé ó ń mì ju mìlímítà méjì lọ, ẹ yọ píìnì kí ẹ wo ihò rẹ̀. Ihò tó ti di ẹyin kì í tún di róbótó, gbogbo híńjìsì náà lẹ ó pààrọ̀. Gírísì díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ló máa ń dá a dúró, ní pàtàkì lára kárafáànù tó ń lọ sétí òkun.

Píìnì tó ń yọ yẹn máa ń sọnù. Ẹ fi wáyà kékeré so ó mọ́ ara férémù, kí ẹ sì dá a padà sínú ihò rẹ̀ nígbà tí ọ̀pá bá ká. Bí ó bá sọnù pẹ́nrẹ́n, irú rẹ̀ gan-an ni kí ẹ rà. Bóòtù lásán tí ìwọ̀n rẹ̀ jọ tirẹ̀ máa wọlé o, ṣùgbọ́n ibi tí etí híńjìsì ti ń rẹ́ ẹ ni òwú ara rẹ̀, ìyẹn ojú tí nọ́ọ̀tì ń yí lórí rẹ̀, máa bọ́ sí. Irin tó kù láàárín òwú kéré sí ìbú tí ẹ fi ojú rí, eyín òwú yẹn á sì máa fi ihò ṣe fáìlì ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń mì.